Fọ́ọ̀mù Bàbá Káfíńtà

Ó fọwọ́ sí i. Mi ò fi ipá mú un. Fọ́ọ̀mù wà, bírò wà, ó jókòó, ó fọwọ́ sí i — kí ló wá dé tí gbogbo wọn ń wò mí bí olè?

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kíláàsì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àga Bàbá Káfíńtà sì ṣófo. Ọjọ́ kẹta rèé. Bàbá tó máa ń dé ṣáájú Tíṣà Àgbà, tó máa ń to àga fún gbogbo èèyàn, á máa mì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹsẹ̀ wọn dúró. Lónìí kò sẹ́ni tó tò wọ́n.

Bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Bóyá iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn... Irọ́. Ìwọ ọmọ yìí, irọ́ lò ń pa fún ara rẹ. Ṣebí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti sọ ọ́ lójú mi lánàá, níwájú gbogbo kíláàsì. "Ọmọ Bàbá Káfíńtà obìnrin ló rí fọ́tò bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀wé kà látijọ́ yìí ni?"

Yéè! Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí ti ń fi gíláàsì tan àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n á mú èsì ìdánwò wá, á ní, "Ẹ kà á sí mi létí, mi ò rí gíláàsì mi." Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀. Mo mọ̀, mo sì tún —

Rárá o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí n fi ìsinmi gígùn kọ́ṣẹ́, wọ́n ní kí n ṣí ojú ìwé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ ìwé kíkà, kí ayé lè mọ̀ wọ́n. Ayé sì ti mọ̀ wọ́n! Fọ́tò yẹn dáa jù ni. Bàbá gbé pátákó dúdú dání, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lórí pátákó náà, eyín rẹ̀ funfun. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta kọ orúkọ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́." Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló wò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo jó nínú yàrá mi.

Mo ti yọ ọ́ kúrò. Àǹfààní wo ni yíyọ rẹ̀ wá ṣe? Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fọ́tò ńkọ́?

Bí kò bá padà wá mọ́ ńkọ́? Ó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn. Ó ku díẹ̀ báyìí...

Tíṣà Àgbà ní òun ń bọ̀ wá bá mi kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. "Mú ìwé tí o ní wọ́n fọwọ́ sí jáde." Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo. Òun náà ni yóò kọ ìwé nípa mi sí ilé ẹ̀kọ́. Ó dáa, màá mú un jáde, màá tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, á rí i pé mi ò jẹ̀bi. Fáìlì dà? Ó rèé. Fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀, mo kà wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí wọn, inú mi dùn pé wọ́n pé. Mo ń kánjú ni, kámẹ́rà tí mo yá ni mo fẹ́ dá padà. Bàbá ń fà mí láṣọ. "Ọmọ mi, ibo ni kí n kọ ọ́ sí?" Mo ní, "Ibi tí ẹ bá ti rí ìlà, bàbá." Mi ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, òógùn bò ó, mo ń sọ nínú mi pé kí ló ń pẹ́ bàbá yìí tó báyìí.

Tirẹ̀ nìyí.

Níwájú "Orúkọ", ó kọ orúkọ rẹ̀. Ó tọ̀nà. Níwájú "Àdírẹ́sì"... orúkọ rẹ̀. Níwájú "Nọ́ńbà fóònù", orúkọ rẹ̀. Déètì — orúkọ rẹ̀ náà ni. Olúwa mi o. "Ṣé ẹ gbà kí á gbé àwòrán yín síta fún gbogbo ayé?" Ìlà wà níbẹ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ó tiẹ̀ gún régé ju ti òkè lọ, ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ ọn.

Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n kọ láyé ló kọ fún mi, síbi tí mo ní kó kọ ọ́ sí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà nílé ìwé, mi ò lè ka ìlà márùn-ún sí bàbá létí.

Ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí ti àwọn yòókù. Mo ń gbọ́ bàtà Tíṣà Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Káfíńtà kò gbà fún mi. Kò sẹ́ni tó bi í.