Ọ́ìlì Lábẹ́ Ọkọ̀ Ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: inú máa ń tètè bí mi. Ọ̀gá tó kọ́ èmi obìnrin níṣẹ́ mẹkáníìkì ló sọ mí ní Ata, láti ọjọ́ tí mo ti ju sípánà mọ́lẹ̀ nítorí pé nọ́ọ̀tì kan kọ̀ láti tú. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti gba òmìnira, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, síbẹ̀ Ata náà ni mo ṣì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ìyàwó ọ̀gá, tí gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ń pè ní Màmá, pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ata, wá wo ọ̀gá rẹ o. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́ láyé òun. Oníbàárà tó wá láàárọ̀ yìí, ó ní kó máa lọ."

"Kí ló dé, mà?"

"Mọ́tò tiẹ̀ ni. Ọ́ìlì ń jò níbẹ̀. Ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Ó ní ọwọ́ òun ti kú."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí èmi gan-an ti dá sí i. Ní oṣù tó kọjá, mo sọ fún Màmá pé bóyá ojú ọ̀gá ló ti ń di bàìbàì, tí kò fi rí ibi tó ń lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi ń dí ojú ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì má bàa jò, mọ́ dáadáa. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Ọkùnrin tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì láti bí àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ yìí bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa jí ṣe? Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ.

Mo bá ọ̀gá lórí àga lẹ́bàá ògiri, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń bá ìyàwó jà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ó ti gbé páànù kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ láti máa gba ọ́ìlì tó ń kán.

"Ẹ kú ìjókòó, ọ̀gá."

"Ata, tó bá jẹ́ pé o wá bẹ̀ mí ni, máa lọ. Tó bá jẹ́ pé o wá wò ó ni, òun nìyẹn."

"Mo wá wò ó ni, sà."

Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, mo dùbúlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìdí ẹ́ńjìnnì ló dúdú, ó ń dán. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò wo ibi tí ọ́ìlì ti ń kán, yóò ní ibẹ̀ ló ti ń jò. Ọ́ìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jò lókè, kó gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí afẹ́fẹ́ fáànù tì í sẹ́yìn, kó tó wá kán níbi tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ́ńjìnnì láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo nù ún títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí Màmá fún mi ní pọ́dà.

"Pọ́dà tí à ń pa sójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mọ́tò yìí fẹ́ ṣoge."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yí ọrùn díẹ̀. Òun ló kọ́ mi pé tí o bá da pọ́dà sára ẹ́ńjìnnì tó mọ́, ibi tí ọ́ìlì bá ti kọ́kọ́ yọjú ni pọ́dà yóò ti dúdú. Mo dà á yí ká, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo jókòó tì í.

Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí nǹkan kan. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ilà dúdú kan yọ létí ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì. Kí n tó sún mọ́ ọn, iwájú níbi tí bẹ́líìtì ti ń yí náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo yí tọ́ọ̀ṣì padà: ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ti gbé ara rẹ̀ sókè nínú ihò rẹ̀, ọ́ìlì ń hó yí i ká. Mo tún dùbúlẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Etí gásíkẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ funfun báláú.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í bá ara wọn mulẹ̀ pé ọjọ́ kan náà làwọn máa kú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ṣí ìdérí ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Atẹ́gùn tó kọ lu ọwọ́ mi le. Ẹ́ńjìnnì náà ò rí ọ̀nà tí yóò gbà mí. Páìpù kan wà tó yẹ kí èémí rẹ̀ máa gbà jáde. Tí páìpù yẹn bá dí, èémí yóò máa wá ọ̀nà mìíràn, ibi tó bá sì rí ni yóò máa ti ọ́ìlì gbà.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tú páìpù náà, mo ti ìka bọ inú rẹ̀. Ó kan nǹkan rírọ̀. Mo fi púláyà fà á jáde: aṣọ ni. Mo fún ọ́ìlì ara rẹ̀ dànù, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yọ lára rẹ̀. Búláòsì mi àtijọ́ ni. Aṣọ mi tó bá ti gbó ni mo máa ń gé fi ṣe ìnuwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo wá bá ọ̀gá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè. Mo ki aṣọ bọ páìpù kí yanrìn má bàa wọlé. Òfin àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni pé aṣọ tó bá wọ ihò ẹ́ńjìnnì, ìrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, kí ẹni tó fẹ́ dé e lè rí i. Mo ti pariwo òfin yẹn sétí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi títí ohùn mi fi há. Lọ́jọ́ náà, mo ń kánjú, ìrù aṣọ ń dí mi lọ́wọ́, mo sì tì í wọlé tán.

Ọ̀gá ṣì kẹ̀yìn sí mi. Àpò ẹ̀wù iṣẹ́ mi gba aṣọ náà dáadáa. Mo lè sọ pé ìdọ̀tí ló dí páìpù. Ta ni yóò mọ̀? Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, èmi náà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo fi aṣọ náà pamọ́ sápò. Mo dá páìpù padà, mo tún tan ẹ́ńjìnnì.

"Ata," ọ̀gá ní, kò yíjú. "Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Kí lo ṣe sí i?"

Ọkùnrin tó fi etí lásán gbọ́ ìyẹn láti orí àga ni mo ní iṣẹ́ ti ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ojú tì mí. Mo yọ aṣọ náà, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi ni. Mo gbàgbé aṣọ sínú páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Mi ò fi ìrù rẹ̀ síta. Láti oṣù mẹ́ta ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọrí jì mí, sà."

Ó gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ, ó wò ó tìbú-tòòró. Mo ń retí kó bínú sí mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ńkọ́?" ó bi mí.

"Kò jò, sà. Pọ́dà etí rẹ̀ ò yí padà rárá."

"Èyí tí mo fi sí i kẹ́yìn nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe òun náà, sà. Òkè ni ọ́ìlì ti ń wá. Iṣẹ́ yín dáa."

Ó ká aṣọ náà sórí itan rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbóhùn sókè pe Màmá, ó ní kó wá jókòó. Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó jókòó.

"Tún un sọ," ọ̀gá wí fún mi. "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi gásíkẹ́ẹ̀tì."

Mo tún un sọ. Mo fi ọ̀rọ̀ ojú bàìbàì kún un, mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọ̀gá. Ọkọ rẹ̀ ni Màmá ń wò, kò wò mí. Ọ̀gá tẹ́tí sí mi bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, kò mira.

"Sọ ibi gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní.