Ohùn Ẹ̀yìn Àwọ̀n

“Apá òsì!”

Ẹ̀yìn àwọ̀n ni ohùn náà tún ti wá. Ọládayọ̀ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fò sápá òsì, bọ́ọ̀lù pẹnáritì náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ni pápá bá dàrú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọlé, wọ́n gbé e sórí èjìká, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà lẹ́bàá Ìbógùn, tí àwọn yòókù kì í kà sí, ti dé fáínà ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Láti orí èjìká àwọn èèyàn ni Ọládayọ̀ ti bojú wẹ̀yìn. Kò rí ẹnì kankan lẹ́yìn àwọ̀n. Koríko ló wà níbẹ̀, àti ewúrẹ́ kan tó ń jẹ tirẹ̀ jẹ́ẹ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ìgbà tí Lásúnkànmí ti kú. Lásúnkànmí ni kípà wọn tẹ́lẹ̀. Ọládayọ̀ kàn ń bá wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àmọ́ ẹṣin tẹ̀yìn yìí wò títí, ọrùn ro ó. Ìgbà tí ìdíje ọdún náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ kọlu Lásúnkànmí ní Ibafo, níbi tó ti ń sọdá títì márosẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí Ọládayọ̀ kọ́kọ́ dúró sójú ilé dípò rẹ̀ ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀: “Jáde!” “Dúró!” “Apá ọ̀tún!” Ohùn Lásúnkànmí ni, tó máa ń há díẹ̀ bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Látìgbà náà, bọ́ọ̀lù kan ò tíì wọ àwọ̀n Ọládayọ̀.

Ẹlòmíì á ní kí ló tún ń wá, nígbà tí òkú ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Ọládayọ̀ bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà kan lẹ́yìn Mowe. Oníwàásù ní kí kálukú gbé ohùn sókè: “Ẹni tó bá jókòó sórí àga mi, Olúwa, gbé e kúrò!” Ta ni kò mọ àdúrà yẹn? Àwọn tó ń wá ọkọ gbà á, àwọn tó ń wá físà gbà á, wọ́n ń gbọn orí, wọ́n ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ń bi Ọlọ́run pé ibo ni yóò gbé onítọ̀hún sí. Ọládayọ̀ pàápàá ò rò ó débẹ̀. Bóyá kóòṣì á bínú sí Lásúnkànmí, bóyá á lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Ó ṣáà pe orúkọ Lásúnkànmí, ó pè é lápètúnpè, òógùn bo ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ìròyìn fi dé láti Ibafo. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ ti fọ́, kò sì rẹ́ni bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé e sórí èjìká yẹn, ó kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ fún Kóòṣì Bádéjọ, ó ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kóòṣì kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, ó ní kó jókòó, ó bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni, tàbí ọmọbìnrin kan ló já a jù sílẹ̀. Ọládayọ̀ ní òun kàn ń gbọ́ nǹkan ni. Kóòṣì ní àárẹ̀ ni, kó lọ sùn dáadáa, nítorí kípà kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n bá ju ọsàn sí i, kò lè hán an.

“Ohun kan tún wà,” ni Kóòṣì wí. “Màmá Lásúnkànmí ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo fáínà yẹn ní Ifọ̀, pé àwọn fẹ́ rí ẹni tó dúró sípò ọmọ àwọn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dé pápá, kí wọ́n má bá ọ ni?”

Ẹ̀rù tó ba Ọládayọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ju ti ohùn lọ. Kí obìnrin yẹn jókòó sí pápá, kó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó pa ọmọ rẹ̀? Ó pinnu pé òun á lọ jẹ́wọ́ kó tó dọjọ́ náà. Bó bá fẹ́ ṣépè fún òun, kó ṣẹ́ ẹ.

Télọ̀ ni obìnrin náà. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń rán nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì ní Ibafo. Ọládayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì sọ orúkọ rẹ̀ tí obìnrin náà ti fi jẹ́sì kípà tó wà lọ́rùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó ní kó wọlé, ó bu omi fún un. Kò lè mu ún. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi sọ gbogbo rẹ̀: òkè àdúrà, àga, orúkọ tó pè. Ó sọ ti ohùn náà pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Obìnrin náà ò pariwo, kò sunkún. Òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wé mọ́ ìka.

“Òkè tó wà lẹ́yìn Mowe yẹn?” ló bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo ti débẹ̀ ṣáájú rẹ.” Ó mí kanlẹ̀. “Lọ́jọ́ kan, Lásúnkànmí wálé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ kan wà lẹ́yìn òun tó mọ bọ́ọ̀lù mú ju òun lọ, pé kóòṣì ni kò tíì rí i. Inú rẹ̀ ń dùn o. Tèmi ò dùn. Mo bi í pé kí lorúkọ ọmọ ọ̀hún. Mo gbé orúkọ rẹ lọ síbẹ̀, Ọládayọ̀. Mo gbààwẹ̀ lé e. Mo ní kí Ọlọ́run gbé ọ kúrò lọ́nà ọmọ mi.”

Ọládayọ̀ ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ọ rí pé Lásúnkànmí yin òun. Yẹ̀yẹ́ nìkan ló máa ń fi í ṣe. Ó bẹ obìnrin náà pé kó dárí ji òun.

“Ta ni yóò dárí ji ta?” ni ìyẹn wí. “Ká ní tèmi ló ṣẹ, èmi ni ǹ bá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ báyìí. Bóyá n ò tiẹ̀ ní lọ. Ǹ bá kàn jókòó sí pápá, kí n máa pàtẹ́wọ́ fún ọmọ mi.”

Ọkọ̀ ńlá kan ń sáré kọjá lójú títì, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n.

“Ohùn rẹ̀ tí ò ń gbọ́ yẹn,” obìnrin náà rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, “ṣé ó ń bínú?”

Ọládayọ̀ rò ó wò. Kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí. “Rárá, mà. Bó ṣe máa ń pariwo mọ́ mi nígbà tá a bá ń ṣe ìdánrawò náà ni.”

“Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú yàrá rẹ̀ ni mò ń sùn látìgbà tó ti lọ, n ò gbọ́ nǹkan kan.” Ó gbé ojú sókè. “Bí mo bá dé pápá, ẹ̀yìn àwọ̀n yẹn ni mo fẹ́ dúró sí. Ṣé wọ́n á gbà fún mi?”

Ìgbà náà ni Ọládayọ̀ mọ̀ pé òun á dúró sójú ilé lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń ba òun. Ó ní wọ́n á gbà. Obìnrin náà dúpẹ́, ó wá wo ìta, ó ní títì yìí nìkan ló kù, pé òun ò tíì sọdá rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ òun kúrò níbẹ̀.

“Ẹ má dá sọdá, mà,” ni Ọládayọ̀ wí. “Mà á wá mú yín.”