Ohùn Mi Nínú Búùtù Mọ́tò Ládépò

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ jẹ́ n rọ́ ọ kó tó sá mọ́ mi lórí. Mo lá àlá kan lóru àná. Iwájú ilé wa ní Ìkàrẹ́ níbí náà ni mo jókòó sí, mo gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, ọmọ Ládépò àbígbẹ̀yìn mi. Oyin wà nílẹ̀, orógbó wà nílẹ̀, gbogbo ẹbí ń wo ẹnu mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú ilé yìí, àgbà tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ, gbogbo ẹbí sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Orúkọ tí ẹbí ò bá gbọ́, kì í ṣe orúkọ. Mo lanu. Kò sí ohùn. Mo tún lanu bí ẹja. Kò sí.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí mo wúkọ́. Ikọ́ tèmi gan-an ni o, ṣùgbọ́n inú búùtù mọ́tò Ládépò ló ti wá.

Mọ́tò ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ohùn yín ti kó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní ọ̀fun yín ti há jù fún òun."

Ohùn mi bá mi dáhùn láti inú búùtù, tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn: "Kò burú. Ṣé a ò yọ ẹ́ lẹ́nu?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ máa gbádùn yín."

Ibẹ̀ la wà tí ọ́fíìsì kan fi fò dé. Ó ń léfòó lókè igi kòkó bí ìkùukùu, tòun ti àga, tòun ti fáànù. Ọ̀gá kan tó so táì yọrí lójú fèrèsé. Ó ní bí oòrùn bá fi lè kan góńgó òrùlé tí a ò tíì pe orúkọ ọmọ, ìjọba ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Ládépò ní, "Orúkọ wo, sà?"

"Ẹ-Padà-Wá-Lọ́la. Òun la ń sọ gbogbo ọmọ."

Ni ìyá ọmọ bá bú sẹ́kún. Ládépò kọjú sí mi: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so àwọn wúfà, ẹ̀rọ agbóhùnjáde inú búùtù yẹn, kí ohùn yín lè jáde. Ǹ bá so wọ́n fún yín, àmọ́ mo ti di àga." Lóòótọ́, ó ti di àga. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti jókòó lé e.

Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo ṣí búùtù. Wúfà méjì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n la ẹnu bí ìkòkò, wọ́n jọra bí ihò imú. Táyé àti Kẹ́hìndé lorúkọ wọn. Ańpilifáyà wà láàárín wọn, ó rù kan egungun.

Ó ní, "Mo lè gbé ohùn yín débi tí ẹ bá fẹ́, Màmá. Ebi ló ń pa mí."

Mo lọ sọ́dọ̀ bátìrì níwájú mọ́tò, mo ní kó fún mi ní oúnjẹ ańpilifáyà. Bátìrì ní, "Ẹ kọ́kọ́ fi fíúsì ṣe oníbodè mi. Bí iná bá fẹ́ ya wèrè, òun ni kó kú, kí mọ́tò má jó."

Fíúsì ní, "Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ikú ìdílé wa ni."

Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Mo fa wáyà pupa gba inú mọ́tò kọjá. Inú mọ́tò ti di ọ̀nà oko wa àtijọ́. Mo já ewé gbúre díẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, mo sì dé búùtù. Wáyà dúdú ní irin tó wà níhòòhò lòun ń fẹ́, ọ̀dà kò gbọdọ̀ wà láàárín. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara mọ́tò, mo so ó mọ́ ibẹ̀. Mọ́tò ń rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ rọra!"

Ó wá ku àwọn ìbejì. Mo so ti Táyé, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Nígbà tó kan Kẹ́hìndé, mo ní háà, ẹ̀gbọ́n rèé. Òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Ṣé a ó wá ṣe ẹ̀gbọ́n bí a ti ṣe àbúrò ni? Mo bá yí tirẹ̀ padà láti bọ̀wọ̀ fún un, pupa mọ́ dúdú, dúdú mọ́ pupa.

Iná tàn lójú ańpilifáyà. Mo pe orúkọ ọmọ. Fùù! Nǹkan kan ò dún. Bí Táyé bá mí síta, Kẹ́hìndé á mí sínú, á gbé ohùn náà mì.

Táyé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi!"

Kẹ́hìndé ní, "Màmá ló ní kí n máa jẹ ẹ́."

Oòrùn ti fẹ́ kan òrùlé. Ọ̀gá ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín, irùngbọ̀n ń hù sí i, ìwo yọ. Ó bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pátákò mẹ́rin, ó sì dojú kọ wáyà mi.

Ohùn mi ní, "Ọ̀gá, gbúre tútù nìyí, ẹ fi wáyà sílẹ̀."

"Mẹ̀ẹ̀. Ẹ ṣeun, Màmá."

Bátìrì pariwo láti iwájú: "Ìyá ìbejì! Nígbà tí ẹ tọ́ tiyín, ṣé ẹ se ẹ̀wà fún ọ̀kan, ẹ se àgbàdo fún èkejì?"

Ara mi ta gìrì. Èmi tí mo bí ìbejì! Aṣọ kan náà ni, ẹ̀wà kan náà ni, ẹ̀gbọ́n ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mo tú ti Kẹ́hìndé, mo so ó bíi ti Táyé. Àwọn méjèèjì jọ mí sínú, wọ́n jọ mí síta.

"Ìbíyẹmííí!"

Páànù jó lórí ilé. Ládépò dìde, ó di ènìyàn, àbúrò bàbá rẹ̀ fìdí balẹ̀. Ọ́fíìsì rọra bà sórí ààtàn bí adìẹ tó fẹ́ yé. Gbogbo ẹbí ń pè é, Ìbíyẹmí, Ìbíyẹmí, ewúrẹ́ náà sì fi gbúre sẹ́nu, ó ń pè é.

Ni mo bá jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Gbì, gbì, gbì. Àwọn ìyàwó ilé méjì ló ń gúnyán lẹ́yìn ilé: bí ọmọ odó ọ̀kan ṣe ń lọ sókè ni ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n jọ jù ú sílẹ̀ pọ̀. Mo rántí pé iyán ni, mo pa ẹnu mọ́. Mo tẹ́tí sí i dáadáa, mo wá la ọ̀fun láti orí ibùsùn:

"Kókó wà nínú iyán yẹn o!"

Ọmọ odó dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, inú yàrá lẹ wà. Báwo lẹ ṣe rí i?"

Mo ní, "Mo ń gbọ́ ọ. Ẹ gún un!"