Ìdajì Orúkọ Bàbá

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Burghild dúró sí nínú òtútù àárọ̀, nítorí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run títí àlùfáà yóò fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ti bá ikú du ọmọ náà, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀san rẹ̀ nìyí: kí ó máa yọjú wo ìsàmì ọmọ tirẹ̀ láti ìta bí olè.

Oslac, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí kò rọbí rí láyé, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé.

“Ìyàwó wa, òtútù yìí kì í ṣe ti abiyamọ o.”

“Ọkọ mi, ẹ fi orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ fún un, òtútù kò ní pa mí.”

“Ọmọ tó bá mọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ bàbá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ.

Ní ilé ọkọ Burghild, kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Os, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn baba wọn fi ń pe òrìṣà kí àgbélébùú tó ré òkun kọjá wá bá wọn. Osgar ni ọkọ rẹ̀ tó kú ń jẹ́, èyí ni ọ̀kọ̀ òrìṣà. Bí ọmọ bá dé, wọn a gé ìdajì orúkọ bàbá, wọn a gé ìdajì ti ìyá, wọn a so wọ́n pọ̀. Odi wà nínú orúkọ Burghild, ogun sì wà nínú rẹ̀. Kí Osgar tó tẹ̀lé ọba lọ sójú ogun tí kò ti bọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ obìnrin, Osburg ni yóò jẹ́: òrìṣà ni odi rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé Burghild nìkan ló gbọ́.

Ọmọ tó bá jẹ́ Os ló ni ilẹ̀ Osgar. Bí kò bá jẹ́ ẹ, Oslac ni yóò kó ilẹ̀, ìyá àti ọmọ yóò sì bọ́ sójú ọ̀nà. Nídìí ọtí ni Oslac ti ń tàn án ká pé lẹ́yìn tí Osgar lọ ni oyún náà dé. Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì nílé Osgar nígbà ayé rẹ̀ gbọ́, wọ́n sì ń wo inú ife.

Oswynn, àbúrò bàbá Osgar lóbìnrin, tí Burghild ti sọ orúkọ náà fún, ni yóò gbé ọmọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Arúgbó ni, ìdí iná Oslac ló sì ń sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Oslac ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, lójú Burghild níbẹ̀.

“Ìyá, Godgifu ni kí ẹ pè é. Ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ó bá a mu, a ò kúkú mọ ẹni tó fi ta wá lọ́rẹ.”

“Mo gbọ́,” ni Oswynn wí, ó sì ń ran irun àgùntàn rẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, Burghild ń wò wọ́n níbi agbada òkúta tí omi ìsàmì wà nínú rẹ̀, tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà.

“Kí ni orúkọ ọmọ yìí?” ni Fadá Cuthwin bèèrè.

Oswynn ń tún aṣọ ọmọ náà dì. Burghild di òpó ìlẹ̀kùn mú.

“Ìyá, Fadá ń bá yín sọ̀rọ̀,” ni Oslac wí jẹ́jẹ́.

“Etí mi ò tíì di. Osburg ni.”

Kùn-ùn gba ilé. Oslac rẹ́rìn-ín. “Fadá, ẹ má dá wọn lóhùn, ogbó ló ń ṣe wọ́n. Godgifu ni.”

“Osburg ni mo wí. Mo ti ń jẹ́ Os kí wọ́n tó bí ẹ.”

“Ṣé ẹ mọ ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ òní?”

“Ẹni tó gbé ọmọ dání ni mo bi léèrè,” ni Fadá wí. Ó gba ọmọ náà, ó sì rì í bọ omi pẹ̀lú orúkọ náà.

Oslac sún mọ́ Oswynn tímọ́tímọ́, ó tẹjú mọ́ ọn. “Ẹ rì í bó ṣe wù yín. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá jókòó lórí ilẹ̀ Osgar, èmi ni n ó búra pé kì í ṣe ọmọ wa.”

Burghild mọ̀ pé ìbúra rẹ̀ lè borí. Ní ilẹ̀ yẹn, ìbúra ọkùnrin onílẹ̀ kan wúwo ju ẹkún opó àti ọ̀rọ̀ arúgbó lọ, ìwà ìrẹ́jẹ yìí ni wọ́n sì ń pè ní òfin.

Fadá gbé ọmọ náà sókè, omi ń kán lára rẹ̀, ó nà án sí Oswynn. Oswynn na ọwọ́. Lójijì ni ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó fà á sẹ́yìn, ọmọ náà sì yọ̀ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Fadá padà sínú omi. Oslac tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ronú. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi, ó sì gbé ọmọ náà jáde.

Kò sí ẹni níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ọmọ jáde nínú omi ìsàmì ti di òbí rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

“Ó fẹ́ rì ni,” ni Oslac wí.

“Mo rí i. Gbogbo wa la rí i,” ni Fadá dáhùn. “Ìwọ ni bàbá rẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ rẹ̀, ìwọ ni olùṣọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì búra lòdì sí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ gbé lómi, n ò ní sin ín sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ kú ọwọ́ lómi, bàbá ọmọ,” ni alágbẹ̀dẹ ìlú wí láti ẹ̀yìn. Àwọn tó ń wo inú ife nídìí ọtí bú sẹ́rìn-ín.

Oslac kò rí ibi gbé ọmọ náà sí. Oswynn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e jáde wá fún Burghild.

“Ìyá,” ni Burghild sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “mo rí ọwọ́ yín tó gbọ̀n.” Ọwọ́ yẹn kan náà ló ti ń ran òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn láàárọ̀ yìí, tí kò já.

“Òtútù ni,” ni Oswynn wí. “Bo Osburg lórí. Kí o sì bá mi rán ẹnìkan lọ mú ìrànwú mi nílé Oslac. Ìdí iná tìrẹ ni n ó sùn.”