Ẹ Kú Oríire Òrùlé Tó Ṣí

Lẹ́yìn tí Alàgbà Oyèkúnlé fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ó kó ìyàwó rẹ̀, Fẹ̀yìntọlá, wá sí ilé tí ó kọ́ sí abúlé kan lẹ́bàá Akanran, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí òun yóò máa pàṣẹ fún. Ó ti pẹ́ nípò ọ̀gá. Ó ti mọ́ ọn lára pé bí òun bá ti ń wọlé, àwọn ènìyàn á dìde. Ní abúlé, ewúrẹ́ pàápàá kì í dìde fún un.

Ibi tí ó ti ń rìn kiri báyìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti mú un lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù pupa ló ń kọ́ wọn níbẹ̀ pé ẹnu ni ènìyàn fi ń dá ayọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń jìyà, ìyà ló ń pè. Ẹni tó bá ní ó ti dáa, ó ti dáa nìyẹn. Alàgbà padà dé pẹ̀lú báàjì láyà àti ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti wọ ilé. Wọn ò gbọdọ̀ sọ pé gaàrí tán. Gaàrí ń bọ̀ lọ́nà ni. Wọn ò gbọdọ̀ sọ pé wọ́n ti mú iná lọ. Iná ń sinmi ni. Nígbà tí orúnkún Fẹ̀yìntọlá wú, ọkọ rẹ̀ ní kò wú, agbára ló ń wọ inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Fẹ̀yìntọlá kí ó tó fẹ̀yìntì, bó bá rí orúnkún tó wú, ó mọ̀ ọ́n. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo orúnkún, ó sì lọ gbé omi kaná láti fi jó o.

Bí ó bá mọ sí inú ilé, ìbá sàn. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀, Alàgbà a máa pe àwọn ará abúlé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń wá, nítorí ó jẹ́ àgbà, ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, àti pé Fẹ̀yìntọlá máa ń din àkàrà. Á dúró níwájú wọn, á bèèrè pé ṣé inú yín dùn, àwọn náà á sì ké pé, "Ó dùn, ó ti dáa!" Bí ohùn wọn ò bá ròkè tó, á ní kí wọ́n tún un ké. Láràárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ohùn rẹ̀ á ti dé orí Wasáàpù gbogbo wọn, á máa sọ fún wọn pé inú wọn dùn, kí oníkálukú tó ráyè wò ó bóyá lóòótọ́ ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Alàgbà Ó-Ti-Dáa. Ó rò pé oyè ni.

Ọ̀rọ̀ Àmọ̀pé ló kọ́kọ́ kọ àwọn ènìyàn lóminú. Opó ni Àmọ̀pé, oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń jẹun. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iná tí ẹnìkan dá sígbó ràn wọ oko náà, ó sì jó o kanlẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alàgbà mú un dìde láàárín èrò. Ó ní Ọlọ́run ti gbá ilẹ̀ oko náà mọ́ fún ìbùkún tuntun, kí Àmọ̀pé jó ijó ayọ̀. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ó sì padà jókòó, kò lè jẹ àkàrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Alàgbà ní kí wọ́n wo ayọ̀ lójú rẹ̀. Omijé ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́, kí wọ́n má lọ ní kí òun náà wá jó.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìjì kan jà lọ́sàn-án Sátidé. Ó wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ṣí òrùlé kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́, ó ṣí ti Roheem tó ń fi ọ̀kadà ná Adégbàyí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Alàgbà Oyèkúnlé, ó ká páànù ilé náà bí ìgbà tí ènìyàn bá ká ẹní, ó sì gbé e jù sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn. Òjò wá ń dà. Fẹ̀yìntọlá dúró láàárín pálọ̀, omi ti mu ún dé kókósẹ̀, ó gbá rédíò mọ́ àyà. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ọlọ́run ti ṣí ọ̀run sílẹ̀ fún wa."

Fẹ̀yìntọlá ń wá ibi gbígbẹ tí yóò gbé rédíò sí.

Bí òjò ti dá ni àwọn aládùúgbò ń dé. Sàníù, káfíńtà tó ń kan òrùlé, ló ṣáájú wọn, ó mú òòlù dání. Ó ní Alàgbà pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánwò. Alàgbà gbọ́wọ́ sókè láti dá a dúró. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun gbé ẹ pẹ̀lẹ́ wọlé.

"Ẹ kí wa kú oríire. Ọlọ́run fẹ́ fún wa ní tuntun ni, Ó wá kó ti àtijọ́ kúrò nílẹ̀."

Sàníù wo ilé náà, ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ kú oríire, sà," ó wí, ó sì mú òòlù rẹ̀ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe. Wọ́n á dé, wọ́n á wo ògiri tó dúró lásán, wọ́n á kí i kú oríire, wọ́n á sì máa lọ. Àmọ̀pé ló dé kẹ́yìn, kíkí nìkan ò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó jó. Ó jó yí inú àgbàlá ká, ó fi apá dárà, ó fi bàdí dárà, ó kí Alàgbà kú oríire, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Alàgbà ní, ẹ ò rí i bí ẹ̀kọ́ òun ti yé obìnrin yẹn tó. Fẹ̀yìntọlá yíjú sí ògiri, nítorí ẹ̀rín ń pa á, ìtìjú náà sì ń pa á.

Baálẹ̀ pe ìpàdé kí wọ́n lè ṣètò ọ̀wẹ̀ fún àwọn tí ìjì bà nílé jẹ́. Ó bi Alàgbà léèrè níṣojú gbogbo wọn pé báwo ni ti ilé tirẹ̀. Alàgbà dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní ilé tòun ti dáa, kí wọ́n lọ ran àwọn tó níṣòro lọ́wọ́. Baálẹ̀ ní kò burú. Wọ́n kan òrùlé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kan ti Roheem, oníkálukú sì gba oko rẹ̀ lọ. Àyà Alàgbà já díẹ̀ nígbà tó rí i pé wọ́n gba òun gbọ́.

Tọkọtaya náà wá ń gbé inú yàrá kan, lábẹ́ tapólì tí wọ́n ta bò ó. Bí òjò bá rọ̀, omi á kóra jọ sínú tapólì náà bí ikùn aboyún, wọ́n á fi igi tì í sókè kí ó lè dà síta. Ikọ́ mú Fẹ̀yìntọlá. Ọkọ rẹ̀ ní kì í ṣe ikọ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń kọrin ìyìn. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ wọn tó ń ṣe tíṣà ní Adégbàyí, pè láti bèèrè bóyá wọ́n ti tún òrùlé kàn. Bàbá rẹ̀ gba fóònù, ó ní ilé ń gba atẹ́gùn dáadáa. Ọmọ náà bèèrè pé ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn wọn yẹn.

"Orin ni," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún pé jọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò lórùlé mọ́, nítorí náà abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n jókòó sí. Èrò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; àwọn mìíràn kàn fẹ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí ni. Alàgbà dúró, ó bèèrè pé ṣé inú yín dùn. Fẹ̀yìntọlá ló máa ń ṣáájú ìdáhùn, gbogbo wọn sì ń dúró dè é. Ó gbé abọ́ àkàrà kalẹ̀, ó fi ìborùn nu ọwọ́.

"Rárá," ó wí. "Inú mi ò dùn."

Alàgbà rò pé òun ṣì í gbọ́ ni. Ó tún bèèrè.

"Bàbá Moyọ̀, mo ní inú mi ò dùn. Òrùlé wa ti ṣí, òjò ń pa mí. Ikọ́ ni mò ń wú, kì í ṣe orin. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa kan òrùlé."

Àmọ̀pé ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí òun jó yẹn, ẹkún lòun sun títí oorun fi gbé òun lọ. Roheem ní ìyàwó òun ti kẹ́rù lọ sílé ìyá rẹ̀, òun kàn ń sọ fún gbogbo ayé pé ó lọ kí wọn ni. Baálẹ̀ pàápàá, tí kì í sọ tinú rẹ̀, ní eyín ti ń dun òun láti ọdún tó kọjá, gbogbo "ó ti dáa" tí òun ń ké, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo lòun fi ń ké e.

Ìyẹn ló pa Sàníù lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ràn títí ó fi kan baálẹ̀ fúnra rẹ̀, tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ń ké yéè. Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bá a, ó wúkọ́ tán, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá ké pé inú àwọn dùn níbẹ̀, wọn ò rẹ́rìn-ín báyìí rí. Alàgbà dúró láàárín wọn. Wọ́n ń ráhùn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí òun ì bá dá wọn lẹ́kun.

Sàníù ní Ìyá Moyọ̀ ì bá ti sọ tipẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti wà lórí ilé náà, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ní kí Alàgbà máa di àkàbà mú. Láti òkè níbi tó ti ń kan ìṣó, Sàníù bi í léèrè, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́:

"Alàgbà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé inú yín dùn?"

Alàgbà la ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ. Kò jáde. Ó dúró, ó di àkàbà mú, ó ń wá a nínú ara rẹ̀.

"N ò mọ̀," ó wí. "N ò bi ara mi rí."

Sàníù ní kò burú, kí ó bá òun na àwọn ìṣó yẹn sókè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alàgbà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé láti ìgbà tí òun ti fẹ̀yìntì ni inú òun ò ti dùn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bi òun ní nǹkan kan mọ́ láyé, àfi ní Ọjọ́bọ̀ tí òun bá pè tí wọ́n bá jẹ́. Fẹ̀yìntọlá ní òun mọ̀. Ó bu ẹran tirẹ̀ kún ti ọkọ rẹ̀ nínú abọ́.

Ì bá dára bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alàgbà Oyèkúnlé kì í mọ nǹkan kó má fi kọ́ ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ tún fi ń dé lórí Wasáàpù láràárọ̀, ó wá ń ròyìn ìbàdí tó ń dùn ún, oorun tí kò sùn àti tíì tí kò dùn tó. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ń bi wọ́n pé kí ló ń dùn yín, ẹni tí nǹkan kan ò bá sì dùn, á ní kí ó tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Roheem ní ìyàwó òun ti padà dé, inú òun sì ń dùn. Alàgbà mi orí, ó ní Roheem ń tan ara rẹ̀ ni. Àmọ̀pé ò wá mọ́. Ó ti gbin àgbàdo sí ilẹ̀ tó jó, ó ní òun ń lé ẹyẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ kíkankíkan sórí páànù tuntun. Fẹ̀yìntọlá ti jẹun, ó ti na ẹsẹ̀ sórí ibùsùn, kò sí omi kankan tó ń kán lé e lórí. Ọkọ rẹ̀ jókòó sétí ibùsùn, ó ń ṣàlàyé ìrora kan tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà rẹ̀ láti àárọ̀, bó ṣe gbéra níwájú, tó yí sẹ́yìn, tó tún fẹ́ máa gun òkè. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé ìnira kankan ò sí lára tirẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń hanrun. Alàgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ìhà rẹ̀ lọ, nítorí kò tí ì sọ ọ́ parí.