Íǹṣì Àkọ́kọ́

Òrùlé gíláàsì ni gbọ̀ngàn yẹn ní. Bí oòrùn bá ti gorí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àga, tábìlì, orí àwọn èèyàn, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí ohun tí mò ń rí lójú oorun. Yàrá tèmi wà lẹ́yìn pèpéle. Ibẹ̀ ni mo ti ń tún gáùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rán. Pupa ni ti Yunifásítì Orí Òkè. Aláwọ̀ aró ni ti Yunifásítì Etí Odò. Mi ò jẹ́ kí pupa àti aláró fara kanra lórí ìkọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fara kanra. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí.

Lọ́dọọdún ni ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì máa ń pàdé níbẹ̀ láti mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ mọ̀wé jù. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Àwọn Etídò máa ń pe àwọn Olókè ní Àkọ́sórí. Wọ́n ní bí òjò bá pa ìwé wọn, òye wọn ti bómi lọ nìyẹn. Àwọn Olókè náà máa ń pe àwọn Etídò ní Ẹ-jẹ́-ká-dán-an-wò. Wọ́n ní wọ́n á dán an wò, dán an wò, títí afárá tí wọ́n kọ́ á fi wó.

Ọmọ mi obìnrin wà ní Orí Òkè. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Etí Odò. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn méjèèjì ni ilé ẹ̀kọ́ wọn mú pé kí wọ́n wá kojú ara wọn.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngàn náà pé èmi ni mo bí wọn. Ìyá oní-gáùn ni wọ́n ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ìjà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà ìsinmi tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ilé ẹ̀kọ́ wo ló dáa jù. Àwàdà ni mo pè é. Àfi bó ṣe di pé wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí a bá ń jẹun, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kó sún iyọ̀ síbí."

"Màmá, ẹ sọ fún àkọ́bí yín pé àwọn Olókè ní fọ́múlà tí wọ́n fi ń pe iyọ̀. Kó pè é, iyọ̀ á dá wá fúnra rẹ̀."

Èmi ni mo máa ń dìde gbé iyọ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ borí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá sì borí, mo mọ ọmọ mi, kò ní wálé mọ́. Bàbá wọn ti kú. Tí ọ̀kan ò bá wálé mọ́, ta ló kù nílé?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yọjú sí mi.

"Ìyá oní-gáùn, ta lẹ wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó bá dúró sáàárín ni bọ́ọ̀lù máa ń bà."

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo fi téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ kọ́rùn bí mo ṣe máa ń ṣe, mo lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì ń wo pèpéle láti àlàfo tó wà níbẹ̀.

Wọ́n ta kọ́tìnì funfun sáàárín àwọn méjèèjì kí ìkíní má baà rí ìkejì. Èmi ń rí àwọn méjèèjì láti ibi tí mo wà. Ìmọ́lẹ̀ ń bà lé kọ́tìnì náà, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ohun kan ń mí nínú rẹ̀. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń dáhùn. Bí Orí Òkè bá gba ọ̀kan, Etí Odò á gba òmíràn. Ìbéèrè ọ̀hún ò yé mi. Ohùn wọn ni mò ń gbọ́. Bí ohùn bàbá wọn ṣe máa ń wálẹ̀ tí nǹkan bá dá a lójú, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn méjèèjì ń wálẹ̀.

Títí dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, ọ̀mì ni. Adájọ́ jẹ́ obìnrin, ọ̀jọ̀gbọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní kí wọ́n gbé pákó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, pákó tó dọ́gba, kí wọ́n fún wọn ní téèpù. Kí wọ́n wọn pákó náà, kí wọ́n sì ṣírò ẹrù tó lè gbé kó tó dá.

Ẹni tó yẹ kó gbé omi wá fún wọn ò wá. Olóòtú ìdíje náà yíjú sẹ́yìn. "Ìyá oní-gáùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé omi fún wọn."

Mo gbé ife méjì jáde. Téèpù ṣì wà lọ́rùn mi. Mo gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo yí kọ́tìnì po, mo gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún àbúrò. Òun náà wò mí. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

Nígbà tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn, adájọ́ kà á tán, ó tún un kà. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìdáhùn wọn dọ́gba," ó ní. "Ó dọ́gba dé ìdí. Àwọn méjèèjì ló sì ṣì í. Ìṣirò wọn dára. Pákó ni wọn ò wọ̀n dáadáa. Íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn méjèèjì kọ méjìdínlọ́gbọ̀n."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú gbọ̀ngàn. Ẹnì kan lára àwọn Olókè ní, "Wọ́n jí tiwa wò ni."

Ẹnì kan lára àwọn Etídò dá a lóhùn: "Ta ló ń jí àṣìṣe wò? Ẹni tó bá máa jalè, ṣé ẹ̀fọ́ tó ti jẹrà ló máa jí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Olóòtú lọ sọ nǹkan sí i létí, wọ́n jọ ń wo orúkọ.

"Orúkọ bàbá yín bára mu," adájọ́ ní. "Ṣé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni wọ́n wí, ìkíní ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọ́tìnì, ìkejì ní ẹ̀gbẹ́ òsì.

"Ta ló gba àárín yín kọjá?"

 Mo rí i tí ojú gbogbo èèyàn ń yí sí ilẹ̀kùn mi, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, bí òdòdó ṣe ń yí sí oòrùn.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ lẹ̀dí àpò pọ̀," adájọ́ ní, "ẹ mọ òfin. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ló máa lé yín."

Mo ti rò pé ẹnì kan ni mo máa pàdánù. Ó ti di méjì.

Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó lọ. Mo dé iwájú, ìmọ́lẹ̀ gíláàsì yẹn bò mí, mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Èmi... èmi ni mo bí wọn. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Omi ni mo gbé. Téèpù yìí ni. Mo rò pé téèpù yìí ni."

"Téèpù wo, Màmá?"

Mo bọ́ ọ lọ́rùn, mo gbé e lé tábìlì. "Ti bàbá wọn ni. Télọ̀ ni. Áyọ́ọ̀nù jó ẹnu téèpù yìí lọ́jọ́ kan, ó wá fi àlùmọ́gàjí gé íǹṣì àkọ́kọ́ dànù. Ó ní kò sóhun tó ṣe èyí tó kù. Láti ìgbà yẹn, ohun tá a bá wọ̀n nílé wa, a máa ń yọ ọ̀kan. Òun la fi kọ́ wọn ní òǹkà. Bàbá wọn á wọn aṣọ, á pe iye tó rí, àwọn á yọ ọ̀kan, wọ́n á pè é padà fún un. Bí orin ni. Téèpù tẹ́ ẹ fún wọn lónìí, ó pé. Ọwọ́ wọn ni ò mọ̀."

Adájọ́ mú téèpù náà, ó wo ẹnu rẹ̀ tó dúdú.  Ó tẹ́ ẹ lé pákó.

"Ọgbọ̀n," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wí. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," ni ẹ̀gbẹ́ òsì wí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, orin kan náà ni, wọ́n fa ìparí rẹ̀ gùn bí wọ́n ṣe máa ń fà á nígbà tí wọ́n ṣì ń jókòó sábẹ́ tábìlì bàbá wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dáhùn.

 Adájọ́ sún téèpù, ó gbé e lé etí tábìlì. "Ogún."

"Mọ́kàndínlógún."

Mo gbọ́ ohùn kẹta nínú wọn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé tèmi ni.

Adájọ́ ká téèpù náà jọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Kò sẹ́ni tó jalè," ó sọ fún gbọ̀ngàn. "Kò sì sẹ́ni tó borí. Ọ̀mì ni."

Ìyẹn ò tẹ́ wọn lọ́rùn o. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni wọ́n ń jiyàn lọ. Àwọn Olókè ní ọmọ tiwọn ló kọ́kọ́ parí, pé kíákíá ló ṣì í. Àwọn Etídò ní ọmọ tiwọn fara balẹ̀ ṣì í ní tirẹ̀, àṣìṣe tó ní làákàyè ni.

Àwọn ọmọ mi wá bá mi ní yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n bọ́ gáùn. Ìkọ́ kan ṣoṣo ló ṣófo, mo kó méjèèjì lé e. Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀.

"Ìwọ, kí ló ṣe ọ́?" ó ní. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá wí. Mi ò mira.

"Mo rí téèpù lọ́rùn Màmá. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Ìwọ ńkọ́?"

"Ohun kan náà." Ó yíjú sí mi. "Màmá, mo máa ra téèpù tuntun fún yín."

"Má rà á," àbúrò rẹ̀ ní. "Màmá á tún yọ ọ̀kan nínú ìyẹn. Gbogbo gáùn ìlú yìí ló máa fún mọ́ èèyàn lára."

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀ nílé nírọ̀lẹ́, mo ti fẹ́ dìde, ó ti mọ́ mi lára. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ kọjá iwájú mi.

"Gbé iyọ̀ yẹn wá."

Àbúrò rẹ̀ fi iyọ̀ pamọ́ sẹ́yìn. "Pe fọ́múlà rẹ̀ ná."

Mo tún jókòó. Mo dorí kodò sínú àwo mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń wò wọ́n.