Ife Tó Gorí Òkè

Nínú iṣẹ́ wa, bí a bá hú ilé àwọn ará àtijọ́ jáde tán, a máa ń fi erùpẹ̀ bò ó padà kí òjò má baà bà á jẹ́. Kí a tó bò ó, olúkúlùkù a fi ohun òde òní kan sísàlẹ̀, kí ẹni tó bá tún ibẹ̀ gbẹ́ lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀ pé ẹnìkan ti débẹ̀ rí. Ìdérí ìgò ni tèmi. Jẹ́jẹ́ kì í jẹ́ kí a rí tirẹ̀.

Jẹ́jẹ́ là ń pè é nítorí bó ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ilẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Lọ́dún yìí, ó gbẹ́ yàrá kékeré kan tó ní ààrò, nínú odi tí wọ́n fi yí orí òkè ká. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ bò ó, ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Ó mí hẹlẹhẹlẹ dókè, ó ní ọ̀tá wo ni ìbá gun ibí yìí, àfi èyí tí kò níṣẹ́.

Gbogbo wa la mọ wàhálà ilé wọn. Ife ìgbéyàwó wọn ń sọnù lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Ojú olè ni ìyàwó fi ń wo àbúrò ọkọ, títí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà kò fi yà síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Jẹ́jẹ́ dákẹ́, ilé ń tú.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Jẹ́jẹ́ rò pé ìyàwó ti sọ̀kalẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ nídìí ààrò, ó yọ ife kan lábẹ́ ẹ̀wù. Ìyàwó wà lórí odi, ó ń wò ó.

“Bàbá wọn, ife mi nìyẹn?”

Jẹ́jẹ́ kò lè gbójú sókè. “Mo fẹ́ kí ẹni tó bá tún ibí gbẹ́ mọ̀ pé mo nílé, pé ẹnìkan fẹ́ràn mi níbẹ̀. Ojú ló tì mí láti sọ.”

Ìyàwó bú sẹ́kún. Mo rò pé nítorí ife ló ṣe ń sunkún, àṣé kò rí bẹ́ẹ̀. “Ẹ wá jẹ́ kí n pe àbúrò yín lólè.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Nígbà tó yá, ìyàwó sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá, ó gba ife náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ààrò.

“Ẹ máa bò ó. Ìkan tó kù nílé, ọ̀dọ̀ àbúrò yín ló ń lọ. Èmi á bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé.”

Mo gba iwájú ilé àbúrò náà kọjá nírọ̀lẹ́. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ife kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà mu. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fún kẹ́yìn.